Agolo Kò Lè Rọ́pò Àwo Oúnjẹ

Bí ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́ gbé ohun mímu tuntun jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlú Johannesburg, Doornfontein wà lára ibi tí yóò kọ́kọ́ wò. Adúgbò náà kò jìnnà sí àárín ìlú, ọkọ̀ ojú irin ń gba ibẹ̀ kọjá, pápá ìṣeré Ellis Park wà nítòsí, ọ̀kan nínú ọgbà mẹ́rin tí Yunifásítì Johannesburg ní sì wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ̀pọ̀ ẹnjiníà àti àwọn tí yóò di òṣìṣẹ́ ìlera lọ́la.

Ẹ jẹ́ ká fi ara wa sípò ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ ìpolówó náà lé lọ́wọ́. Kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí tẹlifíṣọ̀n, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà jókòó tì í. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò ni yóò yàn, nítorí ìgbà náà ni oorun máa ń dà bí ọ̀tá. Yóò wá akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹsẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, yóò fún un ní owó díẹ̀, fìlà àti ẹ̀wù aláràbarà, yóò ní kí ó máa pín agolo ọ̀fẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé. Yóò dá ìdíje sílẹ̀ lórí fóònù, kí àwọn ọmọ náà lè máa polówó ọjà fún ara wọn láìgba kọ́bọ̀. Nígbà tó bá yá, agolo ọ̀fẹ́ yóò tán, àṣà yóò sì kù. Kì í ṣe àlá ni mo ń rọ́. Red Bull, tí wọ́n gbé jáde ní Austria ní 1987, wà lára àwọn tó gba akẹ́kọ̀ọ́ síṣẹ́ láti ta ọjà fún akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì ti tẹ̀lé e.

Kì í ṣe agolo fúnra rẹ̀ ni mo ń bá jà. Àwọn baba wa ti mọ iṣẹ́ kafíìnì kí ẹnikẹ́ni tó sọ orúkọ rẹ̀ fún wa: inú obì ló wà. Awakọ̀ òru ń jẹ ẹ́, ọlọ́dẹ ń jẹ ẹ́, kí oorun má bàa gbé wọn lọ. Ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ rí kí ìyá olóbì ṣèlérí pé obì òun yóò mú ọmọ yege ìdánwò? Agolo Red Bull kan tó jẹ́ 250 ml ní nǹkan bíi 80 mg kafíìnì àti nǹkan bíi gíráàmù 27 ṣúgà. Kafíìnì kì í fún ara ní okun. Ńṣe ló ń dí etí ọpọlọ kí ó má bàa gbọ́ pé ó ti rẹ ara. Ẹni tó pa agogo ìkìlọ̀ lẹ́nu mọ́ kò tíì pa iná. Ní 2014, Red Bull gbà láti san mílíọ̀nù 13 dọ́là ní Amẹ́ríkà láti fòpin sí ẹjọ́ àwọn oníbàárà tó sọ pé ìlérí ìyẹ́ apá rẹ̀ ju ohun tó wà nínú agolo lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ náà kò gbà pé òun jẹ̀bi.

Ìjà mi ni pé ìpolówó yìí ń sọ ọ̀ràn ìlú di àléébù ara ẹni. Ọmọ tí kò jẹun láti àárọ̀, tó ń gbé inú yàrá tí àwọn mẹ́jọ ń sùn sí, tí iná ọba kò sí fún láti fi kàwé, tí wọ́n sì fún iṣẹ́ oṣù mẹ́fà pọ̀ sínú oṣù mẹ́ta fún, kì í ṣe aláìlókun. Aláìníjọba ni. Nígbà tí ASUU padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Oṣù Kẹwàá 2022 lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì oṣù mẹ́jọ, ta ló san gbèsè àkókò tó ṣòfò? Akẹ́kọ̀ọ́ ni, oorun rẹ̀ ló sì fi san án. Ìgbà náà gan-an ni oníṣòwò yóò yọjú, tí yóò sọ fún un pé òun ní oògùn àárẹ̀. Ìjọba dákẹ́, agolo ń sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́ tó bá gbà pé ara òun ló kùnà kò ní bi gómìnà, mínísítà tàbí ọ̀gá yunifásítì ní ìbéèrè kankan.

Doornfontein yìí kan náà ní ìtàn tó yẹ kí a gbọ́. Ní nǹkan bíi 1933, onímọ̀ àwùjọ ẹ̀dá kan, Ellen Hellmann, ṣe ìwádìí ní àgbàlá tálákà kan tí wọ́n ń pè ní Rooiyard ní New Doornfontein. Ó rí i pé owó iṣẹ́ àwọn ọkọ kò tó gbọ́ bùkátà, nítorí náà àwọn obìnrin ń pọn ọtí tà kí ilé má bàa tú. Ọlọ́pàá a máa ya wọ àgbàlá, wọn a sì da ọtí náà nù. N kò sọ pé kí ọlọ́pàá òní máa da agolo ẹnikẹ́ni nù. Ohun tí mo ń sọ ni pé òfin máa ń tètè mọ ojú tálákà tó ń tajà, ṣùgbọ́n bí ọlọ́rọ̀ bá gbé ọjà tirẹ̀ dé, ẹnu ọ̀nà a ṣí gbayawu.

Ẹ wo ohun méjì tó ṣẹlẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní 2015. DJ Sbu, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò tó wà lára àwọn tó dá ohun mímu MoFaya sílẹ̀, gbé agolo rẹ̀ hàn níbi ayẹyẹ àmì-ẹ̀yẹ Metro FM. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Metro FM nítorí rẹ̀. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú jáde sí ìgboro lábẹ́ àsíá #FeesMustFall, títí Ààrẹ Jacob Zuma fi kéde pé owó ilé-ẹ̀kọ́ kò ní lọ sókè ní 2016. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ rédíò mọ iye tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tó, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà mọ̀ pé ìjọba ni ẹjọ́ àárẹ̀ àwọn kàn. Àwọn aláṣẹ yunifásítì wa ni ó kù tí kò tíì mọ iye tí ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé wọn tó.

Ní ilé wa ńkọ́? Poland fi òfin de títa irú ohun mímu yìí fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Lithuania ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti 2014. Ní Nàìjíríà, ọdún 16 ni ìjọba fi ṣe òdiwọ̀n ìgbaniwọlé sí yunifásítì ní 2025. Nítorí náà, ọmọ tí òfin Poland yóò lé kúrò ní ìsọ̀ ni wọ́n lè dọdẹ nínú ọgbà tiwa. Òfin ARCON ti 2022 ní kí a yẹ ìpolówó wò kí ó tó jáde, ṣùgbọ́n àwòrán àti ọ̀rọ̀ nìkan kọ́ ni ìpolówó: agolo ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹni ju pátákó lọ. Owó-orí tí Òfin Ìsúná 2021 gbé kalẹ̀ jẹ́ náírà 10 lórí lítà ohun mímu aládùn. Lórí agolo 250 ml, náírà méjì àbọ̀ ni, bí ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀, bí ó kéré. Gúúsù Áfíríkà gbọ́n jù wá lọ ní 2018: iye gíráàmù ṣúgà ni wọ́n gbé owó-orí tiwọn lé.

Àwọn kan yóò ní àgbàlagbà ni akẹ́kọ̀ọ́, ó lè yan ohun tó wù ú. Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ti pé ọdún 18, tó yó, tó sì sùn. Ẹni tí ebi ń pa, tí ìdánwò sì kù sí ọ̀la, kò fi bẹ́ẹ̀ ní àyàn. Àwọn mìíràn yóò ní ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ń fún akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́, wọ́n sì ń ṣe onígbọ̀wọ́ ayẹyẹ wọn. Òótọ́ ni, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́ oníṣòwò yóò ṣòro fún láti bá oníṣòwò wí, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ tí agolo bá ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ yóò gbàgbé láti béèrè ilé oúnjẹ.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí ìgbìmọ̀ aláṣẹ yunifásítì kọ̀ọ̀kan fòfin de pípín àti ìpolówó ohun mímu oníkafíìnì púpọ̀ nínú ọgbà lásìkò ìdánwò, kí wọ́n sì gbé gbogbo àdéhùn onígbọ̀wọ́ síta fún gbogbo ayé rí. Kí ARCON ka agolo ọ̀fẹ́ àti aṣojú ọjà nínú ọgbà sí ìpolówó. Kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin gbé owó-orí náà lé ìwọ̀n ṣúgà, kí owó tó bá wọlé sì lọ tààrà sí ilé oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe sínú àpò tí a kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí NANS gbé ọ̀rọ̀ oúnjẹ, iná àti ibùsùn síwájú níbi ìpàdé rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba, dípò orúkọ olórin tí yóò kọrin níbi ayẹyẹ.

Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹ bọ́ àwọn ọmọ náà, ẹ fún wọn níná, ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá fẹ́ ta agolo kí ó máa tà á lọ́jà, kí a wo iye ẹni tí yóò rà á.