Irin Jọra Lójú, Inú Wọn Kò Jọra

Bí ẹ̀rọ bá fọ́, ohun tí àwọn ọ̀gá kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé, "Ta ló wà nídìí rẹ̀?" Àwa ń fẹ́ kí wọ́n tún bèèrè pé, "Kí ló wà nínú irin náà?"

Ẹ jẹ́ kí á wo àwọn irin oníníkẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń rọ fún inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú. Inconel 718 àti Waspaloy jẹ́ méjì nínú wọn. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara wọn bá tutù, 718 le ju Waspaloy lọ. Bí ooru bá kọjá nǹkan bí 650 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, agbára 718 a bẹ̀rẹ̀ sí dín kù, Waspaloy a sì gba iwájú lọ́wọ́ rẹ̀.

Irin kan náà pàápàá, bí a bá ṣe rọ ọ́ ni yóò ṣe rí. Bí iná àti òòlù bá ṣe déédéé, hóró inú irin a kéré, kì í sì í tètè sán bí a ti ń lò ó lálòtúnlò. Bí hóró bá tóbi, irin a máa fara da ooru láì tètè nà, ṣùgbọ́n ó lè tètè sán.

Ní ọjọ́ 28 oṣù October 2016, ọkọ̀ òfurufú Boeing 767 ti American Airlines ń sáré láti gbéra ní Chicago, ní Amẹ́ríkà. Lójijì ni dísìkì kan tí wọ́n fi Inconel 718 rọ fọ́ nínú ẹ́ńjìnnì, iná sì sọ. Ènìyàn 170 tó wà nínú ọkọ̀ náà yọ láàyè, ṣùgbọ́n àwọn kan fara pa. Ègé irin kan fò ju 2,900 ẹsẹ̀ bàtà lọ, ó já wọ ilé ìkẹ́rùsí kan, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ bíi tiwa ti ń jẹun òógùn wọn. Orí ló kó wọn yọ.

Àwọn olùwádìí rí i pé àbùkù kékeré kan ti wà nínú irin náà láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é, bí iṣu tó jẹrà nínú. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe nígbà náà kò lè rí i. Wọ́n wá dámọ̀ràn pé kí a máa fi ọ̀nà bí ìró ohùn yẹ inú irù dísìkì bẹ́ẹ̀ wò.

Irin inú bọ́ọ̀sì àti ẹ̀rọ wa lè má jẹ́ oníníkẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kí a tó lé mẹkáníìkì kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kí a yẹ inú irin tó fọ́ náà wò. Kí ẹnikẹ́ni má sì fún wa ní ẹ̀yà ẹ̀rọ tí kò ní ìwé, kí ó ní, "Wọ́n jọra, ẹ ṣáà dè é." Wọn yóò ní owó àyẹ̀wò pọ̀. Èsì wa ni pé ẹ̀mí òṣìṣẹ́ kò ní ààrọ̀.