Orúkọ Ọ̀gá àti Iṣẹ́ Ọmọlẹ́yìn

Nínú àwọn ilé àwòrán ńláńlá ilẹ̀ Yúróòpù, orúkọ tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán a máa fa ojú ènìyàn ju àwòrán náà fúnra rẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ọ̀gá, èrò a pé lé e lórí. Bí ó bá jẹ́ ti ọmọlẹ́yìn ọ̀gá, wọn a fojú fò ó. Àṣà yìí kò tọ́, ohun tí ojú àwòrán Sọ́ọ̀lù àti Dáfídì sì rí ní ilé àwòrán Mauritshuis, ní ìlú The Hague ní ilẹ̀ Họ́láńdì, fi èyí hàn.

Nínú àwòrán náà, Dáfídì ń ta dùùrù. Sọ́ọ̀lù jókòó tòun ti láwàní àti ọ̀kọ̀, ó ń fi aṣọ ìkélé nu omijé. Ìwé Mímọ́ kò sọ pé ọba sunkún ní ọjọ́ náà. Ayàwòrán ni ó wo inú ọkàn rẹ̀ tí ó rí ẹkún níbẹ̀.

Ní 1898, Abraham Bredius, tí í ṣe olórí ilé náà, rà á gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ Rembrandt, ọ̀gá ayàwòrán tí ó kú ní 1669. Ní 1969, ọ̀mọ̀wé Horst Gerson ní kì í ṣe ọwọ́ Rembrandt. Iyì àwòrán náà sì wálẹ̀. Ẹnì kan ti gé e nígbà kan rí, a tún un lẹ̀ pọ̀, ọ̀dà àtúnkùn sì bo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn ìwádìí ọdún mẹ́jọ, ilé náà kéde ní 2015 pé iṣẹ́ Rembrandt ni. Kí ni Sọ́ọ̀lù ṣe fún ọdún 46 tí a fi kẹ̀yìn sí i? Omijé kan náà ni ó ń nù.

Lóòótọ́, kò yẹ kí a rẹ́ ẹni tí ń ra àwòrán jẹ. Ṣùgbọ́n Rembrandt pàápàá kò ya ọwọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ tó bẹ́ẹ̀: àwọn ọmọ-iṣẹ́ a máa sanwó fún un, wọn a máa da iṣẹ́ rẹ̀ kọ, òun a sì máa ta èyí tí wọ́n yà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Ferdinand Bol àti Govert Flinck ti kọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó di ọ̀gá. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwòrán Bíbélì àti ti àwọn òrìṣà Gíríìkì tí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ yà ni a kó pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ojú àlejò kì í dé.