Àwa Náà La Ń San Owó Ìpolongo Ìbò Wọn

Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú APC kéde lọ́dún 2022 pé mílíọ̀nù 100 náírà ni ẹni tí ó bá fẹ́ du ipò ààrẹ yóò fi gba fọ́ọ̀mù, àwọn ènìyàn pariwo, nígbà tí ó sì yá, wọ́n dákẹ́. Mílíọ̀nù 40 ni ti PDP. Bẹ́ẹ̀, gbogbo owó oṣù àti àjẹmọ́nú tí òfin là sílẹ̀ fún ààrẹ Nàìjíríà lọ́dún kan kò ju bíi mílíọ̀nù 14 lọ. Bí ó bá fi ọdún mẹ́rin jẹ ààrẹ tí kò sì ná kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, kò tíì rí owó fọ́ọ̀mù náà kó padà. Fọ́ọ̀mù nìkan la sì ń sọ yìí. Kò tíì gbé pátákó kan sí ojú títì, kò tíì háyà ọkọ̀ kan.

Èmi tí mò ń kọ èyí ti tako owó ìrànwọ́ ìjọba fún àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú rí. Ọ̀dọ́ akọ̀ròyìn ni mí nígbà náà. Abala 228 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ láṣẹ láti máa fún àjọ INEC lówó lọ́dọọdún, kí wọ́n pín in fún àwọn ẹgbẹ́. Òfin ìdìbò ọdún 2002 ní kí wọ́n pín ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún dọ́gba-dọ́gba, kí ìdá 70 tí ó kù tẹ̀lé iye ìjókòó tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní. Òfin ọdún 2006 sọ ọ́ di 10 àti 90. Ẹgbẹ́ 3 tí ó du ipò lọ́dún 1999 di 30 lọ́dún 2003, ó di 50 lọ́dún 2007. Lójú tèmi, àwọn kan nínú wọn kò ní ju àsíá àti àdírẹ́sì lọ. Nígbà tí òfin ọdún 2010 yọ owó náà kúrò, inú mi dùn, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí n kò rò ni pé bí ìjọba bá yọ ọwọ́, ẹlòmíràn ni yóò ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, níbi àpèjẹ ìkówójọ tí PDP ṣe fún Ààrẹ Goodluck Jonathan, ìlérí owó tí ó wọlé lé ní bílíọ̀nù 21 náírà, nígbà tí òfin sọ pé olùdíje sí ipò ààrẹ kò gbọdọ̀ ná ju bílíọ̀nù 1 lọ. Ẹgbẹ́ náà ní kì í ṣe ìpolongo nìkan ni owó náà wà fún, pé àwọn yóò fi kọ́ ilé ẹgbẹ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n lára ìlérí ọ̀hún ni mílíọ̀nù 50 láti ọ̀dọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn gómìnà PDP 21. Ẹ bá mi bèèrè: inú àpò ta ni mílíọ̀nù 50 gómìnà ti ń jáde? Lójú mi, owó ìlú kò fìgbà kan kúrò nínú ìpolongo ìbò. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọlé. Òfin ọdún 2022 wá gbé gbèdéke ti ààrẹ láti bílíọ̀nù 1 sí bílíọ̀nù 5, bí ìgbà tí ènìyàn ń sanra tí télọ̀ kàn ń tú ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò rẹ̀.

Olùkọ́ àgbà kan wà ní ìlú wa tí ó fẹ́ lọ sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Agbo ilé tí kò kọ́ ọmọ kan níbẹ̀ kò pọ̀. Bàbá ìsàlẹ̀ kan ní kí ó fọkàn balẹ̀, òun yóò ra fọ́ọ̀mù, òun yóò sì gbé bùkátà ìpolongo. Ohun kan péré ló béèrè: òun ni yóò máa yan agbaṣẹ́ṣe tí iṣẹ́ ẹkùn náà yóò kàn. Tíṣà kọ̀. Ẹlòmíràn gbà, òun náà ló sì wọlé. Títì tí wọ́n ṣe fún wa lẹ́yìn náà kò kọjá òjò ọdún kan. Owó fọ́ọ̀mù ni ọ̀dà tí kò sí lójú títì yẹn.

Ọ̀rẹ́ mi kan sọ fún mi pé, “Ilé ìwòsàn kò ní oògùn, o ní kí wọ́n fún olóṣèlú lówó?” Mo gbọ́. Owó oògùn náà ni wọ́n ń ná báyìí, a ò kàn rí rìsíìtì rẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé dìbò-kóo-sebẹ̀, bí wọ́n ti ń pè é ní Èkìtì, ni wọn yóò fi owó náà ṣe. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe lásán. Ìjọba Ibrahim Babangida dá SDP àti NRC sílẹ̀ lọ́dún 1989, ó náwó lé wọn lórí, ó kọ́lé fún wọn káàkiri ìjọba ìbílẹ̀. Síbẹ̀ olówó méjì, Abíọ́lá àti Tofa, ló dojú kọra lọ́dún 1993. Brazil náà dá àpò owó ìpolongo sílẹ̀ lọ́dún 2017, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn fòfin de owó ilé-iṣẹ́ lọ́dún 2015. Àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ló sì wá ń pinnu ẹni tí yóò jẹ níbẹ̀.

Nítorí náà, n kò ní kí INEC gbé owó lé ẹgbẹ́ kankan lọ́wọ́ ṣáájú ìdìbò. Kí wọ́n ra àkókò rédíò fún gbogbo olùdíje bákan náà. Lẹ́yìn ìbò, ẹni tí ó bá rí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ẹkùn rẹ̀, kí ó mú rìsíìtì wá, kí ó gba apá kan owó rẹ̀ padà. Ẹgbẹ́ tí kò bá tẹ ìṣirò owó ọdún rẹ̀ jáde fáráyé rí, tàbí tí ó ta fọ́ọ̀mù ju owó oṣù kan ipò náà lọ, kò gbọdọ̀ rí kọ́bọ̀.

Abala 228 ṣì wà nínú ìwé òfin. Àbádòfin kan péré ló kù. Àwọn tí yóò gbé e wọlé ni àwọn tí wọ́n ti san gbèsè fọ́ọ̀mù tiwọn tán.