Ẹni Tí A Rẹ́ Jẹ Kò Gbọdọ̀ Rẹ́ Ẹlòmíràn Jẹ: Ọ̀rọ̀ Lórí Owó Wúrà Àtijọ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi òṣùwọ̀n lélẹ̀ tí ó sì kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣe dín in kù. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀, Ànábì Muhammad (SAW), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tí a kírun tán, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tọ̀ mí wá pẹ̀lú owó wúrà mẹ́rin tí ó dì sínú aṣọ. Ọdún méjì ni ó ti fi ń tọ́jú owó ìgbéyàwó rẹ̀. Nígbà tí ó rí bí iye náírà ti ń já wálẹ̀ láti ọdún 2023, ó pinnu pé wúrà ni òun yóò fi owó náà rà, àti pé òun yóò fi ọ̀kan nínú rẹ̀ san sàdáàkì. Ẹni tí ó tà á fún un sọ pé láti Jídà ni òun ti mú wọn bọ̀. Ìgbà tí ó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà ni àṣírí tú: mẹ́ta nínú mẹ́rin jẹ́ idẹ tí a fi omi wúrà bò. Ẹni tí ó tà á sì ti ná pápá bora. Ìbéèrè tí ó bi mí ni ó mú kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní: "Àfáà, ṣé mo lè ta àwọn náà ní iye tí mo rà wọ́n? Èmi kọ́ ni mo ṣe wọ́n."

Ìdáhùn mi ni pé, rárá. Ẹ̀tọ́ rẹ ni láti wá ẹni tí ó tà á fún ọ kàn, kí o dá ọjà rẹ̀ padà, kí o gba owó rẹ, kí o sì fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn bí ó bá kọ̀. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí o wá ọrùn ẹlòmíràn tí ìwọ yóò gbé ẹrù náà kọ́.

Ìmáàmù Al-Ghazali, ẹni tí ó kú ní ọdún 505 Híjírà (1111), ti sọ̀rọ̀ lórí èyí nínú ìwé rẹ̀ Ihya Ulum al-Din. Àlàyé rẹ̀ ni pé olè jíjà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan tí ó ní òpin, ṣùgbọ́n ayédèrú owó a máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ a sì máa tọ ẹni tí ó ná an lẹ́yìn, àní lẹ́yìn ikú rẹ̀ pàápàá. Ó ní kí ẹni tí irú rẹ̀ bá bọ́ sí lọ́wọ́ jù ú sínú kànga. Ó tún fi kún un pé dandan ni kí oníṣòwò kọ́ bí a ti ń dá owó mọ̀, kì í ṣe nítorí ti ara rẹ̀, bí kò ṣe kí ó má baà fi ayédèrú lé Mùsùlùmí mìíràn lọ́wọ́ láìmọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ra wúrà tí kò kọ́ bí a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò ti fi ojúṣe kan sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo èyí tí wọ́n tà fún ọmọ wa yìí, èyíinì ni pọ́n-ùn wúrà àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní sovereign. Ọdún 1817 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ irú èyí tí a mọ̀ lónìí. Irọ́ Jídà dún bí òtítọ́ nítorí pé àwọn Lárúbáwá mọ owó yìí dunjú: ní ọdún 1933, nígbà tí ilé-iṣẹ́ epo Amẹ́ríkà bá ìjọba Saudi ṣe àdéhùn, 35,000 sovereign ni wọ́n san ní Jídà. Ṣùgbọ́n ìtàn kì í ṣe ẹ̀rí. Òṣùwọ̀n ni ẹ̀rí.

Ojúlówó sovereign wúwo tó gíráàmù 7.98, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 22.05, nínípọn rẹ̀ sì jẹ́ 1.52. Nínú ìdá 24 rẹ̀, ìdá 22 jẹ́ wúrà, ìyókù sì jẹ́ bàbà. Owó tí ó ti jẹ díẹ̀ nípa lílò lè fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ó dín sí nǹkan bí 7.94. Idẹ fúyẹ́ ju wúrà lọ púpọ̀. Bí oníjìbìtì bá ṣe é kí fífẹ̀ àti nínípọn rẹ̀ pé, yóò fúyẹ́. Bí ó bá sì ṣe é kí ìwúwo rẹ̀ pé, yóò nípọn jù. Nítorí náà, ẹ wọn ìwúwo, fífẹ̀ àti nínípọn papọ̀; ẹ má ṣe fi ọ̀kan sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi omi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbé ife omi lé orí òṣùwọ̀n kékeré, kí ẹ dá a padà sí òdo. Ẹ fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ so owó náà rọ̀ sínú omi, kí ó rì tán, ṣùgbọ́n kí ó má fara kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ife. Fún ojúlówó, òṣùwọ̀n yóò ka nǹkan bí gíráàmù 0.45. Idẹ tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ bákan náà yóò ka nǹkan bí 0.94, òjé yóò sì ka nǹkan bí 0.7.

Ẹ wo ojú rẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́tà ojúlówó a máa mú ṣáká, etí rẹ̀ a sì ní ilà wẹ́wẹ́ tí ó dọ́gba. Ẹ ka ọdún tí ó wà lára rẹ̀: wọn kò rọ sovereign kankan tí ó ní ọdún 1940, nítorí náà ayédèrú ni èyíkéyìí tí ó bá ní in. Bí òòfà bá fa owó náà, ẹ dá a padà. Ṣùgbọ́n bí kò bá fà á, ẹ má tíì yọ̀, nítorí òòfà kì í fa idẹ tàbí òjé. Irin kan sì wà tí wọ́n ń pè ní tungsten, tí ìwúwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti wúrà dọ́gba. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí alágbẹ̀dẹ wúrà tí ẹ gbẹ́kẹ̀lé yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ní ti ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀, ìmọ̀ràn mi ni pé ìwúwo ni kí ó rà, kí ó má ra ìtàn. Gíráàmù 7.32 ni ojúlówó wúrà tí ó wà nínú sovereign kan. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta gíráàmù kan lọ́jọ́ náà sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ẹni tí ń tà á bá béèrè iye tí ó kéré sí èyí gan-an, ẹ bi ara yín pé kí ni ó dé tí kò gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ tí yóò san ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojúkòkòrò ni ìdẹ tí wọ́n fi ń mú wa. Bí odidi bá wọ́n jù, ààbọ̀ sovereign wà, tí ó wúwo tó gíráàmù 3.99.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tí ń fi ẹ̀sìn dẹ pańpẹ́. Àwọn kan ń gbé dínárì tí a kọ èdè Lárúbáwá sí kiri, wọ́n ní láti ayé Ànábì (SAW) ni. Irọ́ ni. Wúrà àwọn ará Róòmù ni wọ́n ń ná nígbà náà. Khalífà Abdul-Malik ni ó rọ dínárì tí ó ní kìkì àkọsílẹ̀ Lárúbáwá, ní ọdún 77 Híjírà, ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 4.25.

Ẹ má sì gbàgbé òfin Sharia. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé owó bébà àti wúrà kò ṣe é fi pààrọ̀ ní àwìn: ọwọ́-sí-ọwọ́ ni, ní ìjókòó kan náà. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ san owó sílẹ̀ kí wúrà tó dé ti jìnnà sí òfin yìí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníjìbìtì sì fẹ́ràn irú òwò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má ṣe fi wúrà sọ́rùn. Bí ohun tí ẹ ní bá sì tó gíráàmù 85 ojúlówó wúrà, tí ọdún òṣùpá kan sì yí lé e lórí, ẹ yọ saká rẹ̀. Sovereign 11 kò tó o, 12 ti kọjá rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú kò lè ṣírò saká rẹ̀ kí ó pé.

Ọmọ wa náà gba ọ̀rọ̀ mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ń bẹ lójú rẹ̀. Ó ní kí alágbẹ̀dẹ gé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí méjì níṣojú mi. Ọ̀kan tí ó jẹ́ ojúlówó ni ó fi san sàdáàkì, ó sì dá ìgbéyàwó náà dúró fún oṣù díẹ̀ láti tún owó ìyókù kó jọ. Ó pàdánù owó, ṣùgbọ́n kò sí Mùsùlùmí kankan tí yóò dìde ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀ láti bá a ṣe ẹjọ́ lórí idẹ mẹ́ta yẹn.

Kí Ọlọ́hun fi haláàlì rọ̀ wá lọ́rùn, kí Ó sì dá ohun tí ó sọnù padà fún un pẹ̀lú èyí tí ó dára jù ú lọ. Àmín.