Ebi Ni Ó Ń Pa Róbọ́ọ̀tì Náà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ó padà lọ kọ́ ọmọdé ní Kútọnu, ní Lomé, ní Abidjan àti ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a gbà rò. Nígbà tí róbọ́ọ̀tì tí ọmọ iléèwé ṣe bá ń gbọ̀n, tí ó sì ń kú lójijì, kí olùkọ́ má ṣe tètè bẹnu àtẹ́ lu ọpọlọ ọmọ náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, iná ni kò tó.

Servo ni ẹ̀rọ kékeré tí í gbé apá róbọ́ọ̀tì dé ibi tí a bá pàṣẹ fún un. SG90, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kéré jù lọ, kì í gba iná púpọ̀ bí kò bá ru nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá dá a dúró, ó lè fa nǹkan bí 700 milliampere. Fíúsì tí ń ṣọ́ ojú USB lára Arduino Uno kò sì mọ̀ ju 500 lọ. Ẹ wá so servo mẹ́rin mọ́ ọn! Fóòtì yóò já wálẹ̀, pátákó náà yóò kú, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ yóò wá máa wá àṣìṣe kiri nínú ètò tí kò ní àṣìṣe kankan. Àwọn àgbà ti wí i: ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ẹ wo àgbègbè ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Yopougon, l'Abidjan. Ilé iná Azito, tí ó ti ń fi gáàsì ṣiṣẹ́ láti 1999, wà ní Yopougon kan náà. Síbẹ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá kì í fi wáyà tí ń tan gílóòbù ilé gbé ẹ̀rọ rẹ̀. Tiransifọ́mà tirẹ̀ ni ó ń lò, nítorí pé ẹ̀rọ ńlá lè fa ìlọ́po 5 sí 7 iná rẹ̀ nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde. Ní 2021, tí omi fà nínú àwọn ìsédò, tí ẹ̀rọ sì bàjẹ́ ní Azito, pínpín ni wọ́n ń pín iná fún ìlú.

Àwọn kan ní bátìrì 9 fóòtì onígun mẹ́rin nì ti tó. Èmi kò gbà. Fóòtì rẹ̀ ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè tú iná jáde tó bí servo ti ń fẹ́. Bátìrì AA mẹ́rin tí a lè tún kún, 4.8 fóòtì lápapọ̀, ni kí a yà sọ́tọ̀ fún servo, kí pátákó ní oúnjẹ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a so ojú àyọkúrò bátìrì náà mọ́ GND pátákó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, servo kò ní gbọ́ àṣẹ.

Bí owó kò bá tó, kí a ra servo méjì dípò mẹ́fà, kí a fi ìyókù ra bátìrì. Ní ti bátìrì lithium tí a tú nínú kọ̀ǹpútà àlòkù, ó lágbára, ó sì lè gbiná; èmi kò ní fi lé ọmọ ọdún 11 lọ́wọ́.