Ta Ni Ọkùnrin Ń Dọ̀bálẹ̀ Fún?

Ẹ wo ọkọ ìyàwó lọ́jọ́ ìdána. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á na gbalaja níwájú àna, aṣọ òkè olówó gọbọi á kan ilẹ̀, alága ìjókòó á tún ní àwọn kò tíì rí ìdọ̀bálẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe. Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́ pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyí. N kò bá ìdọ̀bálẹ̀ jà. Àmọ́ ẹ̀rí tó ń jẹ́ nípa ọkùnrin kò tó nǹkan, torí ẹni tó lè fún un ní ìyàwó tàbí tó lè fi dù ú ló dọ̀bálẹ̀ fún. Iwájú ẹni tí kò lè ṣe é lóore, tí kò sì lè ṣe é níbi, ni a ti ń mọ bí ó ti jẹ́. Àwọn àgbà náà kúkú sọ pé ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà.

Èdè wa ni ẹlẹ́rìí mi. Pé ọba ní kábíyèsí kò yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n aláró tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú nídìí ìkòkò ní "àrẹ̀dú o" tirẹ̀; àgbẹ̀ ní "àroko bọ́dún dé"; a ń kí onídìrí ní "ojú gbooro o", òun náà á fèsì pé "oòyà á yà". Ẹni tó ń kọjá lọ kò jẹ wọ́n lówó, kò sì wá ra nǹkan lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀, bí ó bá kọjá bí ẹni pé igi ló dúró síbẹ̀, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹ sì rántí pé obìnrin ló pọ̀ jù nídìí aró àti irun dídì.

Ẹ wá gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Yábà l'Ékòó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, àwọn obìnrin wọ́de wọ ọjà náà, wọ́n pe ìwọ́de wọn ní Market March, torí pé ó ti sú wọn kí àwọn ọkùnrin ọlọ́jà máa fà wọ́n lọ́wọ́, kí wọ́n máa fọwọ́ kàn wọ́n níbi tí kò yẹ, kí wọ́n sì bú èyí tó bá já ọwọ́ gbà. Bí wọ́n ti ń lọ, àwọn ọkùnrin kan tún ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ìyá ọ̀rẹ́ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ yọ lọ́ọ̀ọ́kán, á dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀kọ́ kò wọ́n ọn. Ó kàn ń ṣọ́ ọ ná ni.

Wọ́n á ní ọjà kò tà, pé bí o kò bá fa oníbàárà, ará ṣọ́ọ̀bù kejì á fà á lọ. Mo mọ̀ pé ìdíje le níbẹ̀. Àmọ́ Yorùbá ti ń tajà tipẹ́ kó tó di pé Yábà di ọjà, ẹnu ni a sì fi ń polówó. Ìpolówó ẹlẹ́kọ àti onímọ́ínmọ́ín dùn débi pé ẹni tó yó á tún tọwọ́ bàpò. Ẹni tó bá ń fa èèyàn láṣọ, ọ̀rọ̀ ló tán lẹ́nu rẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù ni pé ọ̀wọ̀ ń gòkè ni, kì í sọ̀ kalẹ̀. Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgbà tó bá ọmọdé lẹ́nu iṣẹ́ á ní "o kú iṣẹ́". "O" ló lò, kì í ṣe "ẹ". Àgbà rẹ̀ dúró síbẹ̀, ọmọdé náà sì ti gba ìkíni. Ilé ni a ti ń ṣi ọ̀wọ̀ yìí kọ́ ọmọ. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́ta ni a ti ń tẹ̀ lórí ba kí ó dọ̀bálẹ̀ fún àlejò. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó gbé omi àlejò yẹn wá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò sì sí ẹni tó ní kí ọmọkùnrin náà kí i.