Ọwọ́ Olórí Ẹgbẹ́ Dí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má rò pé àwọn olórí ẹgbẹ́ tiwa nìkan ni ayẹyẹ kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ẹgbẹ́ oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà láàárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù lé ní ọgọ́rùn-ún. Bí oṣù kọkànlá bá dé, àwọn olórí wọn kì í ráyè jókòó. Lọ́jọ́ Ẹtì, mẹ́yọ̀ tó ń lọ yóò fa nǹkan oyè lé tuntun lọ́wọ́ láìsọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ìlú yóò tò lọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́ lójú títì. Ìrántí àwọn tó bógun lọ náà ń bẹ níbẹ̀.

Nítorí irú ìtò bẹ́ẹ̀ ni àwọn aránṣọ àti oníṣòwò awọ onírun ṣe bára wọn jà lórí ẹni tí yóò ṣíwájú, títí mẹ́yọ̀ fi dájọ́ lọ́dún 1484 pé kí wọ́n máa gbà á fúnra wọn lọ́dọọdún, kí wọ́n sì máa pe ara wọn jẹun. Ìjà àga iwájú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀!

Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀wù oyè ló wú mi lórí. Richard Whittington, oníṣòwò aṣọ tó jẹ mẹ́yọ̀, kú lọ́dún 1423 láìbímọ. Ó fi ogún rẹ̀ ṣàánú, ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn Mercers, sì di alábòójútó. Olórí wọn kì í lò ju ọdún kan lọ lórí oyè, síbẹ̀ ilé àwọn arúgbó aláìní tó fi sílẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìtọ́jú wọn dòní.

Àwa náà ń dáwó, a ń ra aṣọ ẹbí, a ń pe olórin. Ìyá tó ti tajà lógójì ọdún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dọ́jà mọ́, owó ìsìnkú nìkan la ní fún un. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ta ló bẹ̀ ẹ́ wò lóṣù yìí?